Ọjọ́ Mẹ́ta Láìsí Iná ní Kétu

Mo ń kó orin sí kàádì fóònù fún aráyé
lẹ́bàá Àkàbà Ìdẹ́nà, lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ewé
tí ọyẹ́ ti fa etí rẹ̀ ya.
Igba fíráǹkì, ogún orin.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ma kún un fún ọ dé ẹnu.

Bí o bá fẹ́ mọ ènìyàn, má wulẹ̀ bèèrè ilé baba rẹ̀,
gba kàádì rẹ̀ kí o wo inú.
Mùfútáù tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Ìlárá,
tí ohùn rẹ̀ ń lé ajá wọ abẹ́ tábìlì,
orin ìrẹmọlẹ́kún ló wà lórí tirẹ̀, mọ́kànlá.
Kò bímọ.
N ò bi í.
Mùsé Fídẹ́lì, olùkọ́, ní kí n má kọ orúkọ orin síbẹ̀,
kí n kọ “Ẹ̀kọ́ Ìṣirò, Apá Kejì.”
Dẹlifíìnì tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi
a ki wáyà bọ etí kan ṣoṣo;
etí kejì, ó ní, ti oníbàárà ni.
Ṣùgbọ́n bí ṣẹ́ńjì bá kù lọ́wọ́ rẹ̀,
etí tó dí yẹn ló fi ń gbọ́ ẹ.

Èmi fúnra mi ńkọ́?
Fóònù ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.
Kí n tó bọ́jú, àtàǹpàkò mi ti rìn dé Kútọnu, ó ti padà,
ó ti wo ìyàwó oníyàwó, oúnjẹ olóúnjẹ, òkú olókùú,
ó ti tẹ ọkàn pupa sí gbogbo wọn,
àní sí òkú náà.
Orin ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́:
n kì í gbọ́ ọ.
Àfi bó bá dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé ó ń kọ.

Lóṣù tó kọjá, òpó iná wó lọ́nà Ìpóbẹ̀.
Ọjọ́ kìíní, a bú àwọn oníná.
Ọjọ́ kejì, fóònù ń kú bí adìyẹ tí àrùn kọ lù,
ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ di ọba lórí wa,
àtàǹpàkò mi sì ń ra ìka ìtọ́ka lásán,
ó ń wá gíláàsì tí yóò pa lára.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀sán gangan,
mo ń fi òwú nu kàádì tí ẹnì kan ò bèèrè,
ni Dẹlifíìnì bá ní: “Kí lò ń kùn yẹn?”
Èmi? N ò mọ̀ pé ẹnu mi ń ṣiṣẹ́.
Kò sí nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi.
Orin tí ìyá mi fi ń sẹ́ gàrí ni, ní Ìlìkímù,
tó ń bá apá rẹ̀ lọ, tó ń bá a bọ̀,
tó ń já níbi tí kókó gàrí bá ti há asẹ́,
tí yóò pòṣé, tí yóò tún máa bá a lọ.
Mo ti pòṣé náà mọ́ ọn,
níbi tó máa ń pòṣé gan-an.

Mùfútáù pa ẹ́ńjìnnì. “Tún un ṣe.”
Mo tún un ṣe.
Dẹlifíìnì yọ wáyà létí,
wáyà fóònù tó ti kú láti àná!

Iná dé lálẹ́, ìlú hó yèè.
Mo ṣí ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀.
Bọ́tìnì pupa. Mo tẹ̀ ẹ́.
Orin kọ̀.
Mo gbé asẹ́ ìyàwó mi, mo ń mì í síwá, sẹ́yìn;
ó ní: “Kò kúkú sí gàrí nínú rẹ̀.”
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo gbà sílẹ̀:
asẹ́ òfìfo, ẹ̀rín ìyàwó, fáànù aládùúgbò.
N ò tíì pa á rẹ́.

Láàárọ̀, Mùfútáù dúró, kò sọ̀ kalẹ̀.
“Èyí tó o kùn níjọ́sí, èló ni?”
Mo ní kò sí lórí kàádì kankan.
Ó fi igba fíráǹkì lé tábìlì mi,
ó ní: “Kùn ún. Èrò ń dúró.”