Eruku Inú Aṣọ Iṣẹ́

Agogo mẹ́rin ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Kláídíbáńkì.
Mo gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta,
mo kan ilẹ̀kùn Mista Rẹ́nì.
Kò lè ké "wọlé" mọ́;
ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀
bí ọbẹ̀ tí kò ní jinná láéláé.
Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ó sinmi.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sinmi.
Báyìí ló ṣe ń sọ ìtàn fún mi,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń san gbèsè.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni
nígbà tó wọ ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi.
Wọ́n ń po nǹkan funfun kan mọ́ omi,
wọ́n ń rẹ́ ẹ mọ́ páìpù nínú ikùn ọkọ̀,
ó ń já bọ́ lé wọn lórí.
Àwọn ọmọdékùnrin ń ṣù ú bí yìnyín,
wọ́n ń sọ ọ́ lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Ta ló mọ̀ pé ẹ̀rín náà ló ń fà á sínú?

Tirẹ̀ kọ́ ló ń pa á lẹ́kún.
Mórágì ìyàwó rẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà náà rí.
Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, yóò dúró lẹ́yìnkùlé,
yóò gba ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀,
yóò gbọ̀n ọ́n pà, pà, pà,
kó tó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ.
Ìfẹ́ ni. Kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é.
Ogójì ọdún ni eruku náà fi sùn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀,
kò wú u níkọ́, kò yún un lọ́fun.
Nígbà tó jí, oṣù mẹ́jọ péré ló gbà.

"Òun ló kọ́kọ́ lọ."
Ó sinmi.
Lẹ́tà kan wà lábẹ́ aago: wọ́n bá a kẹ́dùn,
ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta,
kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ gbèsè.

Èmi náà ti rí funfun yẹn rí.
Ní Ìlá, bàbá mi ń kan àjà sí yàrá ìyá mi,
ó ń fi ayùn rẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì,
mo jókòó lábẹ́ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà,
mo ń fi ìka kọ orúkọ mi sínú ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀.
Fadérera. Mo fẹnu fẹ́ ẹ nù,
mo fa èémí, mo tún un kọ.

Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo pe àbúrò mi.
"Àjà yàrá Ìyá tó ti sán yẹn,
ẹ má fi òòlù kàn án. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ."
Ó rẹ́rìn-ín: "Láti ọjọ́ tó ti wà lókè orí wa, kí ló ṣe wá?"
Mi ò dá a lóhùn.
Mo dúró nínú òtútù, mo ń ka èémí mi
bí ẹni ń ka owó olówó.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀pá tún gbá ilẹ̀.