Kọ́kọ́rọ́ Omi Òkè-Baálẹ̀

Wọ́n gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ síwájú ilé alága,
wọn ò bi ẹnikẹ́ni tó ń ru garawa.
Oṣù Èrèlé dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́,
ó bi ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó panu mọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ nípàdé, ó ń fẹsẹ̀ yalẹ̀:
"Ibi tí kókò ti ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀,
lẹ́yìn ilé Sìfáwù, ibẹ̀ lomi sùn sí."
Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó gbẹ́ ẹ.
Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Báyìí, ọ̀dọ̀ obìnrin mẹ́sàn-án ni kọ́kọ́rọ́ wà,
ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọrùn ọ̀tọ̀.
Náírà mẹ́wàá mẹ́wàá nínú agolo mílíìkì:
owó wáṣà, owó gírísì,
àti ìwé kan tí Rábí ń kọ,
nítorí òun ló ka ìwé mẹ́fà já:
ta ló san, ta ló ní ó di ọ̀la.
Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Wọ́n ti jà o.
Àmọ́kẹ́ aláró da omi aró sẹ́bàá kànga,
wọ́n ní kó sún sísàlẹ̀, ogójì ẹsẹ̀.
Ó bú wọn tìyá-tìyá,
ó sì sún.

Lálẹ́ àná mo bá ìyá mi lójú oorun,
kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, okùn rẹ̀ ti fa ìlà sí i lára.
Mo fẹ́ bọ́ ọ. Ó dì í mú.
Láìlajú, ó ní:
"Aago mẹ́fà ni.
Lọ tò sí ìlà bíi tàwọn yòókù."