Ọ̀rọ̀ Tí Mi Ò Rí Túmọ̀

Èmi ni wọ́n háyà láti máa túmọ̀
lọ́jọ́ tí àwọn àlejò òkèèrè
wá sí àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó,
àwọn mẹ́fà, bàtà rọ́bà dé orúnkún,
nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí eruku ń sọ.

Ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, mo túmọ̀.
Ó ní àjọṣe ni, kì í ṣe ìtọrẹ àánú.
Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Ìdéwù wúkọ́.
Ó ní ìlú tiwọn yóò mú owó wá,
ìjọba tiwa yóò mú ilẹ̀ wá,
àwa tí à ń gbé ibẹ̀ yóò mú sùúrù wá.
Ìlà ìkẹyìn yẹn, èmi ni mo fi kún un.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan,
ọ̀rọ̀ gígùn, ó ń dán lẹ́nu rẹ̀ bí owó ẹyọ tuntun,
gbogbo ìwé tó kó dání ló kọ ọ́ sí.
Mo ní: ìfaradà. Kò tó.
Mo ní: kí èèyàn ṣubú, kó tún dìde. Ó gùn jù.
Mo ní: orí kunkun. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Kúbúrá bi mí pé kí ló ń wí.
Mo ní, ìyá, ó ní kí lẹ máa ń ṣe tí omi bá dé?
Ó dìde, ó ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè,
ó fi ògiri yàrá hàn wá.

Ìlà èédú wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì:
ọdún tí wọ́n bí Múfútáù, omi dé kókósẹ̀;
ọdún tí Súárà re Mẹ́kà, omi dé ojúgun;
ọdún tí fìríìjì léfòó bí ọkọ̀ apẹja, omi kọjá orúnkún.
Ìlà tó ga jù, kò sọ orúkọ rẹ̀.
Ọwọ́ ló fi bò ó.
Ibùsùn rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù márùn-ún.
Ó ní, "Bọ́dún bá ti yí ni mò ń ra ọ̀kan.
Tí mo bá dé àjà, mo di ẹyẹ nìyẹn."

Obìnrin kan wà nínú àwọn àlejò, kúkúrú,
tí kò tíì lanu. Erékùṣù kékeré ni ìlú rẹ̀,
láàárín òkun kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀;
wọ́n ní téèyàn bá dúró sí àárín ìlú ọ̀hún
á rí omi lọ́tùn-ún, á rí omi lósì.
Ó bọ́ bàtà rọ́bà. Ó fẹsẹ̀ lásán wọlé.
Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ìlà èédú lọ sókè,
ó dé ibi tí ìyá fọwọ́ bò,
ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ìyá.
Ẹnikẹ́ni ò ní kí n túmọ̀.

Wọ́n ṣe é ṣá. Wọ́n ri òpó pupa mọ́ etí gọ́tà,
nọ́ńbà funfun lára rẹ̀, fèrè ìkìlọ̀ lórí rẹ̀.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfami méjì wá;
kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀,
kánsẹ́lọ̀ wà ní Àbújá.
Síbẹ̀, fèrè yẹn ké lóru ọjọ́ kan nínú Agẹmọ,
aago méjì kọjá, ó ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí,
gbogbo wa sá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Ìdéwù.
A ka orí àwọn ọmọ, wọ́n pé.
N kò ní ṣe aláìmoore.
Ẹ̀rọ kò fa omi. Fèrè ké.

Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Kúbúrá wá èédú.
Ìlà tuntun fi ìka méjì ju èyí tó fọwọ́ bò lọ.
Nọ́ńbà ara òpó ti tán kó tó dé ibẹ̀.

Wọ́n ti kọ̀wé sí mi láti òkè òkun,
wọ́n ní kí n fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ránṣẹ́
kó lè wọ inú ìròyìn ọdún.
Mo jókòó tì í títí fìtílà fi jó tán.
Mo kọ ọ́: búlọ́ọ̀kù kẹfà.