Òkè Tí Fóònù Ti Ń Gbọ́ràn

Mi ò mọ bí ẹ ṣe ga tó, Bàbá Hiscock.
Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ń tọ́jú yín
a ò tíì bọ ara wa lọ́wọ́ rí.
Àjà ilé yín ni mo kọ́kọ́ mọ̀,
torí ẹ tẹ́ fóònù gbalaja sórí tábìlì,
ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń bá kànga sọ̀rọ̀.
Mo rí irun imú. Mo rí gílóòbù tó ti jó.
Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé mi dìde,"
ẹ rẹ́rìn-ín, ojú yín sì kún gbogbo gíláàsì.

Kò sí títì tó dé Sculpin Bight.
Ọkọ̀ ojú omi ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀,
bí afẹ́fẹ́ bá gbà. Afẹ́fẹ́ kì í sábà gbà.
Nítorí náà èmi ni mo ń bọ̀ wá, láti Corner Brook,
láìwọ bàtà òjò,
láti bi yín léèrè ohun tí ẹ jẹ ní àná.

Kílò mẹ́tàdínláàádóje.
Ẹ kà á fún mi bí ẹni ń ka ẹ̀sùn.
Ṣúgà òwúrọ̀, mẹ́rìnlá.
Mo ní kí ẹ ṣí fíríìjì, kí ẹ gbé mi yí ilé ìdáná ká;
ẹ sáré gbé mi kọjá agolo moláásì
àti àwo búrẹ́dì tí ẹ fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín.
Mo rí i. Mi ò sọ̀rọ̀.
Àgbà tó bá ń fi oúnjẹ pamọ́ fún ọmọdé
ti jẹ ìyà tirẹ̀.
Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ pé mo bèèrè:
ogójì ọdún lẹ fi dẹ kọ́ọ̀dù,
ẹnu ẹja ní í pa ẹja,
ẹ ò sì mọ̀ pé ìwọ̀ wà nínú àwo tiyín.

Oṣù kejì, ìjì wó ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń pe òfìfo.
Ní Ọjọ́bọ̀ kan fóònù dún:
mímí yín ni mo kọ́kọ́ gbọ́,
hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń fa ọkọ̀ gun etí òkun,
ohùn tó wá di ohùn yín.
Ẹ ní orí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló kù
tí fóònù ti ń gbọ́ràn.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ dúró kí ẹ tó dé ibẹ̀.
Ẹ yí mi síbi òkúta kan nínú yìnyín:
"Philomena, Nọ́ọ̀sì Janelle rèé."
Kí lèèyàn ń sọ fún òkúta?
Mo ní, ẹ kú ilé o, Màmá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dúró.
Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan, torí ajá.
Bẹ́líìtì yín wá ihò tuntun;
ìṣó lẹ fi lu ú, ẹ fi hàn mí.
Dókítà dín abẹ́rẹ́ alẹ́ kù.
Ní ọjọ́ ìbí Màmá, ẹ jẹ moláásì,
ṣíbí kan, lójú wa méjèèjì,
ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́.

Kílò mẹ́rìnléláàádọ́fà, ṣúgà méje,
oṣù kẹfà; wọ́n ti tún ọ̀pá gbé dúró.
Lónìí ẹ pè mí láti ilé ìdáná.
Àjà ilé. Gílóòbù tuntun.
Mo gbọ́ kẹ́tùlù, mo gbọ́ aago ara ògiri,
mo gbọ́ ajá tó ń yún ara lábẹ́ tábìlì,
mo sì ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa níbẹ̀ yẹn,
mi ò gbọ́ yín rárá."

Ẹ dákẹ́.
"Ọmọ yìí," lẹ wí, "irọ́ ò mọ́ ẹ lẹ́nu."
Fìlà kúrò lára ìṣó.
Ilẹ̀kùn. Òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà.
Aláìsàn mìíràn ti ń dúró dè mí.
Mi ò tíì pa fóònù.