Ẹ̀kọ́ Rárá ní Ìjàpò

Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
mo ti nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà Ìyáàfin Adétimẹ́hìn,
mo ti tún ẹní ìnusẹ̀ rẹ̀ tẹ́ kó gún,
mo ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dání
nítorí n kò mọ bí èèyàn ṣe ń wọlé tọ èèyàn lọ́wọ́ òfo.
Ó ní, "Fọ́lásayọ̀, àga méjì nìyí. Èwo lo fẹ́?"
"Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́, mà."
Ó dákẹ́.
Fáànù ń yí.
Àga méjì péré ni o, èmi sì ń sunkún.

Àkọ́bí tíṣà ni mí, ní Òkè-Àró.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo ṣe ipò kejì.
Bàbá mi gba ìwé èsì ìdánwò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
bí ẹni ń wá ojú ibi tí garawa ti jò.
Ó ní, "Ẹni tó ṣe ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?"
Kò nà mí. Ìbá jẹ́ nà mí.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá orí kejì.

Ní Alágbàká, bí fáìlì bá sọnù, ẹ pe Fọ́lá.
Ìyá awakọ̀ kú, ta ni yóò gba owó jọ? Ẹ pe Fọ́lá.
Ìjọ ń wá ẹni tí yóò gbálẹ̀ ní Sátidé,
àbúrò mi ní Ọ̀wọ̀ ń wá ẹni tí yóò yá òun lówó,
ẹnu mi á ti dáhùn pé "kò sí wàhala"
kí etí mi tó gbọ́ ìbéèrè.
Wàhálà kúkú wà.
Ara mi ló háyà, kò san kọ́bọ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta,
mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ọ́fíìsì,
kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi,
n kò rántí apá ibi tí wọ́n ń yí i sí.
Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn ò rí ibà.
Nọ́ọ̀sì ní kí n lọ sinmi.
Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é dáadáa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí Ìyáàfin kọ́kọ́ fún mi:
fi ife kan sílẹ̀ láìfọ̀ di òwúrọ̀.
Ẹ máa rẹ́rìn-ín.
Láago méjì òru, ife náà ń pè mí lórúkọ.
Mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn
títí àkùkọ àdúgbò fi kọ.
Èkejì: kọ nǹkan kan, kí àṣìṣe wà nínú rẹ̀.
Àmì ohùn kan ti bọ́ níbì kan nínú ewì yìí.
Mo mọ ibẹ̀. Mo ń kọjá lọ.

Rárá tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, arárá ni,
ó sá pamọ́ sẹ́yìn eyín, ó ń yọjú.
Àbúrò mi ló pè, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún ló fẹ́.
Mo ní, "Rárá."
Mo ń retí kí òkè Ìdànrè ya lulẹ̀.
Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"
Ta ló bi mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn?

Lálẹ́, mo fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́ sí i.
Mo jẹ́wọ́ fún Ìyáàfin, mo dorí kodò.
Ó ní, "Nínú ọgọ́rin?"
Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Lónìí, mo pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Àga ẹ̀bá fèrèsé ni mo jókòó sí.
Kò rọ̀ tó èkejì. N kò dìde.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà,
mo ti jẹ mẹ́ta lọ́nà.