Méjìlélọ́gọ́ta

Ní Duluth, létí adágún tó ń ṣe bí òkun,
mo lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.
Mo kọ́ díẹ̀ níhìn-ín, mo kọ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún:
ìràwọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìtàn Róòmù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
amọ̀ mímọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.
Òkúta nìkan ló gbà mí lọ́kàn.
Ìyáàfin Plank tó ń gbà wá nímọ̀ràn rẹ́rìn-ín, ó ní,
"Má kánjú, Maren. Ayé gùn."
Ayé gùn lóòótọ́. Owó bàbá mi ni kò gùn,
bàbá mi tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú títì.

Mo kọ̀wé sí Leeds. Wọ́n fèsì.
Ọgọ́ta kírẹ́dítì ni mo dì lẹ́rù;
wọ́n tú ẹrù náà sórí tábìlì
bí aṣọ́bodè tó ń wá ohun èèwọ̀,
wọ́n mú ìṣirò, wọ́n mú kẹ́mísírì, wọ́n mú òkúta,
wọ́n ti ìyókù padà sí mi.
Ìràwọ̀ kò wúlò. Róòmù kò wúlò.
Amọ̀, wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.
"Ọdún kìíní ni wàá ti bẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Thackray wí,
ohùn rẹ̀ tutù bí omi ẹ̀rọ,
"níbí, ohun kan ṣoṣo là ń kọ́, a sì ń kọ́ ọ dé gbòǹgbò."

Ẹni ọdún mọ́kànlélógún láàárín àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún.
Wọ́n kí mi ní kọ́rídọ̀, "Ṣé dáadáa ni?"
Mo dúró, mo ń ṣàlàyé ikọ́ tó ń yọ mí lẹ́nu.
Kí n tó dé ìdajì, ẹni tó kí mi ti gun àtẹ̀gùn lọ.

Ní ilé, ìdánwò kéékèèké lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
olùkọ́ á gbá ọ léjìká torí pé o wá sí kíláàsì.
Níbí, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo jí.
Oṣù mẹ́ta nínú òjò wíníwíní,
àròkọ kan péré, lórí òkúta ẹfun Malham.

Ìwé náà padà lọ́jọ́ Ẹtì.
Méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, méjìlélọ́gọ́ta
ni ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ni lẹ́tà sí òbí,
ni kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹni.
Mo wọ ilé ìdáná, mo ń sunkún sínú ìkòkò pásítà.
Shazia, ọmọ Bradford, já ìwé náà gbà,
ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó pariwo:
"Ìwọ yìí! Méjìdínlọ́gọ́ta ni tèmi,
mo sì ti pe ìyá mi!"
Ó ní àádọ́rin ni òrùlé;
ẹni tó bá kọjá rẹ̀, ìtàn ni wọ́n fi ń pa.
Èèwọ̀ ibìkan, oúnjẹ ibòmíràn.

Mo pe ilé lálẹ́. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn.
"Mélòó?" ni bàbá mi wí. Mo sọ.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ń kùn.
"Ta ló ṣe ẹ́ ní nǹkan, Maren?"
Mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé. Ó ní ó dáa,
pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò tíì dáa nínú rẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé:
"Mo sọ máàkì rẹ fún Darrell níbi iṣẹ́.
Mo ní ti Gẹ̀ẹ́sì ni, ó wúwo ju tiwa lọ."

Ife amọ̀ tí mo mọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn,
tí Leeds kò kà kún nǹkan kan,
wà lójú fèrèsé, ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì.
Shazia ló ń fi í mu tíì.
Mo ní kó máa fọ̀ ọ́ tó bá mu ún tán.
Kì í gbọ́.