Ìbọ̀wọ́ Kan

Ní Gyumri, òtútù a máa bu ènìyàn létí jẹ.
Yàrá abẹ́ ilẹ̀ la ti ń kọ́ṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́bọ̀,
àwa mẹ́sàn-án, sítóòfù kan tó ń húkọ́,
àti Hmayak tó bọ́ra sílẹ̀ lórí àpótí,
ẹni àádọ́rin ọdún tó fi èjìká ru àpò sìmẹ́ǹtì
ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin
títí èjìká ọ̀tún fi gbàgbé ibi tí òsì wà.

“Orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá,” Arpine olùkọ́ wa ló wí bẹ́ẹ̀.
“Orí ni òṣùwọ̀n. Ọ̀kan láti àtàrí dé àgbọ̀n,
èkejì á parí sí orí ọmú,
ẹ̀kẹta sí ìdodo, ẹ̀kẹrin síbi tí itan ti pínyà,
ẹsẹ̀ á jogún ìyókù.
Orí méje àbọ̀ ni ènìyàn.”
Mo na pẹ́ńsùlù síwájú, mo di ojú kan,
mo fi àtàǹpàkò sàmì sí orí Hmayak,
mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára rẹ̀
bí ẹni ń sọ garawa sínú kànga.
Méje péré.
Àbọ̀ tó kù ti bá àpò sìmẹ́ǹtì lọ.

“Ẹ wá ibi tí eegun ti yọjú sí awọ.
Ẹran a máa purọ́, ọ̀rá a máa purọ́.”
Kòtò ọ̀fun. Eegun ọrùn méjèèjì bí ìkọ́ aṣọ.
Góńgó ìbàdí. Ìgúnpá tó bá ìbàdí rí níbàdí.
Kókósẹ̀: ti inú ga, ti òde rẹlẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi hun ìbọ̀sẹ̀ nílé iṣẹ́ ìjọba,
mo yí gìgísẹ̀ tí kò lóǹkà,
n kò mọ̀.
Ìka ò dọ́gba, tọmọdé tàgbà ló ń wí i;
ta ló tíì pòwe kókósẹ̀?

Mo gbé èjìká rẹ̀ tó rẹlẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ìwé,
kó lè bá èkejì mu.
Arpine mú rọ́bà, ó pa á rẹ́.
“Ta ló ní kó o wò ó sàn?”
Hmayak bú sẹ́rìn-ín lórí àpótí,
ikùn rẹ̀ ń mì,
gbogbo wa sì pàdánù ilà tí à ń fà.

Ìgbà tó kan ọwọ́, ó ní,
“Ọwọ́ ènìyàn gùn tó ojú rẹ̀,
láti àgbọ̀n dé ibi irun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò.”
Àwa mẹ́sàn-án fi àtẹ́lẹwọ́ bojú
bí ará ilé òkú.
Kò sẹ́ni tó tètè ṣí i.

Nílé, kò sí fọ́tò kan tí Varazdat ti dúró gbọọrọ.
Yálà ó jókòó, yálà ọmọ ẹlòmíràn wà níwájú rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ ọ̀tún ṣì wà lápò kóòtù,
ìka rẹ̀ ṣì ká kò
bí ẹni di ẹrù mú.
Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ pa á, ó nà.
Láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín: ojú rẹ̀ nìyẹn.
Mo fi ti irun kún un: orí.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀ nílẹ̀.

Ìwé tán níbi orúnkún.
Mo lọ fa àjẹkù ìwé ara ògiri tó ti wà lẹ́yìn àpótí aṣọ
láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ lẹ yàrá yìí,
mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé,
mo fi eékún rìn lórí rẹ̀ títí di aago méjì òru.
Èjìká rẹ̀, èwo ló rẹlẹ̀?
Mo dìde, mo wọ kóòtù náà, mo wo dígí.
Òsì ni.

Ó ti pé báyìí, orí méje àbọ̀ ó lé díẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé níbi tí òtútù ń gbà wọlé.
Ojú nìkan ló ṣófo.
Arpine ní ẹ̀kọ́ ojú dìgbà tí yìnyín bá yọ́.